Ọjọ́ Tí A Lọ Dúpẹ́ Lọ́wọ́ Àwọn Dókítà Òyìnbó

Àwọn ènìyàn máa ń sọ fún mi pé kí n gbàgbé. Wọ́n á ní, "Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn, ẹ fà á lé Ọlọ́run lọ́wọ́." Mo ti fà á lé E lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ ṣe tèmi ná. Ọlọ́run fúnra Rẹ̀ mọ̀ pé mi ò lè dúró dè É nígbà yẹn, torí pé ọkùnrin tí mò ń wí yìí, ńṣe ló ń sanra sí i lójú mi.

Ayé Ṣáàpù ni, tí ìjọba ní kí gbogbo ìlú fún ìgbànú mọ́ra, ayé àwọn sójà. Ilé iṣẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, níbi tí a ti ń ṣe garawa àti abọ́ oníke, ti lé ọ̀pọ̀ nínú wa, àwa tó kù sì ń ṣe iṣẹ́ ẹni méjì méjì. Ọsibítù ìjọba wá di ibi tí ènìyàn ti ń gbé òwú, ìbọ̀wọ́ àti abẹ́rẹ́ dání látilé, bí ẹni tí wọ́n pè síbi ìnáwó tí wọ́n ní kó gbé àga tirẹ̀ wá.

Ìyá mi ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Agége, nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé àwọn oníbúrẹ́dì. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n. Fìlà ọkùnrin ni wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ ṣe ọnà sí, iṣẹ́ náà sì mọ́ wọn lọ́wọ́ débi pé àwọn lemọ́ọ̀mù máa ń rán ènìyàn wá láti Abúlé Ẹ̀gbá. Nígbà tó yá, nǹkan funfun kan bẹ̀rẹ̀ sí í bo ẹyin ojú wọn méjèèjì. Ti ọ̀tún le ju ti òsì lọ. Wọ́n á gbé fìlà sún mọ́ imú, wọ́n á máa fi ìka wá ibi tí abẹ́rẹ́ gbà wọlé. Mo gbé wọn lọ sí ọsibítù ìjọba. Dókítà ojú tó wà níbẹ̀ tín-ín-rín bí igi ìṣáná, àárẹ̀ sì hàn lójú òun náà. Ó ní ẹ̀rọ tí òun fi ń wo inú ojú ti bàjẹ́, àwọn ohun èlò iṣẹ́ abẹ tí ìjọba ní àwọn máa kó wá kò tíì dé. Ó ní, "Ẹ ní sùúrù, Màmá. A ó ṣe é." Inú ìyá mi dùn sí i, torí pé ó dọ̀bálẹ̀ kí wọn.

Bí a ṣe ń ní sùúrù lọ́wọ́ ni Alága dé. Alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa ni. Ó ti gbé Lọ́ńdọ̀nù rí, ó sì fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀, kódà nínú oòrùn ọ̀sán, táì kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ó lọ sí mọ́ṣáláṣí, ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó kéde pé àwọn dókítà òyìnbó òun ń bọ̀ wá la ojú fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. "Àwọn òyìnbó mi," bó ṣe ń pè wọ́n nìyẹn, bíi pé òun ló bí wọn. Sítọ́ọ̀ ńlá kan tí ilé iṣẹ́ kan fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n kógbá sílé ló ní kí wọ́n kùn lẹ́fun, ibẹ̀ ló sì kó wọn sí.

Mo gbé ìyá mi lọ. Ta ni kò ní gbé ìyá rẹ̀ lọ? Ojú ọ̀tún ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kí gbogbo àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Olórí àwọn dókítà náà, obìnrin òyìnbó gíga kan tó ti hewú, ń tú báńdéèjì wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń bi wọ́n bí ara ti rí, Alága sì ń ṣe ògbifọ̀. Mo dúró lẹ́yìn ìyá mi. Mo mọ̀ pé ojú náà ń ta wọ́n bí ata, torí wọn ò sùn mọ́jú. Ṣùgbọ́n nígbà tó kàn wọ́n, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "A dúpẹ́ o. Ọlọ́run á san án fún yín." Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo bẹ́ǹṣì wí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àlejò la òkun kọjá wá ṣe ọ́ lóore, ṣé o wá máa sọ fún un pé oore rẹ̀ ń dùn ọ́ ni? Àgbàlagbà wa kan kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Obìnrin òyìnbó náà ń mi orí, inú rẹ̀ ń dùn. Kò mọ̀ pé bí Yorùbá bá ń kú lọ, tí o bá bi í pé báwo ni, a dúpẹ́ náà ló máa sọ. Alága mọ̀. Ọmọ ilé ni, ó mọ̀ dáadáa, kò sì sọ fún un.

Wọ́n ní kí a padà wá lọ́jọ́ Ajé fún àyẹ̀wò. Lọ́jọ́ Ajé tí a débẹ̀, ṣéènì ni a bá lẹ́nu ọ̀nà. Bẹ́ǹṣì ti dojú dé síta. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ní, "Ẹ ò gbọ́ ni? Àwọn òyìnbó ti wọ bàálù lánàá." Ìyá mi di ojú mú, omi tó ń jáde níbẹ̀ ti ń dà bí omi ẹ̀kọ.

Mo lọ sílé Alága. Wọ́n ní kò sí nílé, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ ṣì gbóná nínú ọgbà. Mo tún padà lọ, wọ́n ní ó ń sùn. Níkẹyìn, mo ká a mọ́ ibi ìsọmọlórúkọ kan, ó jókòó sáàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ń jẹ ẹran. Mo kúnlẹ̀. Èmi yìí, mo kúnlẹ̀ fún un! Mo ní, "Alága, ẹ jọ̀ọ́, ojú ìyá mi ti ń bàjẹ́, dókítà wo ni kí n gbé wọn lọ bá?" Ó yíjú sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní, "Àwọn ìyá wa wọ̀nyí! Wọ́n á ṣe iṣẹ́ abẹ ọlọ́lá fún wọn tán, wọ́n á relé lọ fi àgbo fọ ojú." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi tí kò fi nǹkan kan kan ojú yẹn àfi oògùn tí wọ́n fún wọn níbẹ̀. Mo dìde lórí eékún. Ẹ̀rín wọn yẹn ni mo gbé relé.

Dókítà ọsibítù ìjọba ló sọ fún wa pé ojú ọ̀tún ti kú. Ó ṣí i wò, ó dì í padà, ó wá fi ọwọ́ gbá tábìlì. Ìgbà yẹn ló sọ ohun tí n kò mọ̀ fún mi. Ó ní kí àwọn òyìnbó náà tó dé, òun lọ bá Alága nílé. Òun ò béèrè kọ́bọ̀, òun kàn ní kí Alága jẹ́ kí òun wà pẹ̀lú wọn láti ọjọ́ kìíní, kí òun lè mọ ohun tí wọ́n ṣe sí ojú ta ni, torí òun ni ojú wọ̀nyẹn máa já lé lọ́wọ́ tí wọ́n bá lọ. Alága ní ìlara ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ní kí ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀ tó bàjẹ́. Ó sì sọ fún àwọn àlejò pé òun ti ní dókítà ojú kan tí yóò máa tọ́jú gbogbo aláìsàn lẹ́yìn wọn. Irọ́ ni! Kò sí dókítà kankan. Ọkùnrin náà dá ènìyàn tí kò sí sílẹ̀ nítorí kí ó lè dá jókòó ti òyìnbó.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bọ́ ìbínú mi bí ẹni ń bọ́ àgbò iléyá. Mo ń fún un lóúnjẹ láàárọ̀, mo ń fún un lálẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn òyìnbó náà máa padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, torí Alága ti ń kéde rẹ̀. Gbogbo Agége sì mọ̀ pé ó ń wá kí àwọn sójà fi òun jẹ alága ìjọba ìbílẹ̀, pé aṣojú gómìnà ológun máa wà níbi ayẹyẹ ìṣíde iṣẹ́ wọn. Mo ní, ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ẹnì kan ní kí n kó èrò lọ da ibẹ̀ rú. Kí n da ibẹ̀ rú lójú sójà? Kí wọ́n fi kóbókò ya mí lẹ́yìn? Rárá. Nílẹ̀ wa, ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ẹni tó ṣe ọ́ lóore lánàá, o gbọ́dọ̀ lọ kí i láàárọ̀ yìí. Àwọn òyìnbó yẹn ti wọ bàálù kí ẹnikẹ́ni tó ráyè kí wọn. Ọpẹ́ èṣí ṣì wà lọ́rùn wa. Sójà wo ló máa na ẹni tó wá dúpẹ́?

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn tí ojú wọn bàjẹ́. Tí mo bá kúrò níbi iṣẹ́, mo gba Orílẹ̀ Agége, mo gba ọ̀nà Ìjú, mò ń béèrè ní mọ́ṣáláṣí, mò ń béèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò ní purọ́, ojú àwọn kan là. Ìyàwó aláṣọ kan ní Orílẹ̀ ń ríran kedere, ó sì di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ má lé òyìnbó lọ mọ́ wa lọ́wọ́ o. Ẹ̀gbọ́n mi ń dúró dè wọ́n." Mo ní mo gbọ́. Mo kúrò níbẹ̀, mo lọ sílé tó kàn. Mo rí baba bíríkìlà kan, ará Ọ̀yọ́, tí kò lè gun àkàsọ̀ mọ́. Mo rí tíṣà kan, obìnrin Èkìtì, tí ó ń fi awò dúdú bo ihò ojú rẹ̀ nínú kíláàsì. Mo rí àwọn mìíràn. Ohun kan náà ni gbogbo wọn sọ: Alága ní àwọn ló fi ọwọ́ ara àwọn ba ojú àwọn jẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà ta sí Alága létí pé mò ń kiri. Àfi bó ṣe gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ wá sílé wa, tòun ti mílíìkì alágolo àti ṣúgà. Kò wo ojú mi. Ìyá mi ló bá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ fọwọ́ wọ́nú. Ẹ̀yin ni ẹ máa kọ́kọ́ wọlé lọ́dún yìí, ojú òsì yẹn máa là gbòò. Ẹ ṣáà bá wa kìlọ̀ fún Ìyá Ìbejì."

Ìyá mi sì gbà! Wọ́n gbà á lójú mi. Nígbà tó lọ tán, mo pariwo, mo ní, "Màmá, ọkùnrin tó fi yín rẹ́rìn-ín láwùjọ!" Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ló kù fún mi, ìyẹn náà sì ti ń ṣú. Mo fẹ́ rí ojú abẹ́rẹ́ kí n tó kú. Tó bá jẹ́ èṣù ló máa là á, kí èṣù máa bọ̀." Mo da ṣúgà Alága fún àwọn ọmọ onílé.

Lọ́jọ́ ìṣíde, Alága fi ọkọ̀ rẹ̀ wá gbé ìyá mi láàárọ̀ kùtù, ó gbé wọn ka orí bẹ́ǹṣì iwájú. Èmi àti àwọn ènìyàn mi dé nígbà tí ètò ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà bi wá pé kí la wá ṣe. Mo ní, "A wá dúpẹ́ ti èṣí ni." Ṣé ẹ rí i? Wọ́n yà fún wa! Ẹni tó di makirofóònù mú kéde wa: "Àwọn tí a ṣe lóore léṣìí ti padà wá dúpẹ́ o!" Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Alága na ọwọ́ sí wa, ó ń fi wá han aṣojú gómìnà, eyín rẹ̀ kún ìta. Ó ti ń rí ara rẹ̀ lórí àga ìjọba ìbílẹ̀.

Baba bíríkìlà ló kọ́kọ́ lọ. Baba dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àwọn òyìnbó. "Ẹ kú iṣẹ́ èṣí o. Ẹ ṣeun, ẹ kú ìnáwó. Ojú tí ẹ ṣe nìyí." Ó sì yọ awò dúdú tó fi bo ojú. Tíṣà kúnlẹ̀ tẹ̀ lé e. "Ẹ kú iṣẹ́ èṣí, ẹ̀yin ará wa. Èyí ni tèmi." Òun náà yọ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kò sí ẹni tó pariwo, kò sí ẹni tó bú ènìyàn. Ìpàtẹ́wọ́ ti kú. Mo gbọ́ tí ìyá mi ń pe orúkọ mi láti orí bẹ́ǹṣì, wọ́n ti gbọ́ ohùn wa, wọn ò sì rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Obìnrin òyìnbó gíga náà bi Alága pé kí ni wọ́n ń sọ. Alága ní wọ́n ń dúpẹ́. Òyìnbó tí mo gbọ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó láti bá ènìyàn jà. Mo dìde. Mo sọ fún un pé lóòótọ́ ni, ọpẹ́ la wá dá, kí ó wá sọ̀kalẹ̀ wá wo ohun tí a ń dúpẹ́ fún. Ó sọ̀kalẹ̀. Ó mú tọ́ọ̀ṣì kékeré kan jáde lápò, ó ń wo ojú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ojú tirẹ̀ sì ń pọ́n. Nígbà tó wò wọ́n tán, ó yíjú sí Alága, ó ní, "Dókítà tí o ní ó ń tọ́jú wọn dà?"

Alága nu òógùn ojú rẹ̀. Ó ní dókítà náà rìnrìn àjò. Mo ní kò sí dókítà kankan, pé dókítà ojú gidi ń bẹ ní ọsibítù ìjọba lẹ́yìn ọjà lọ́hùn-ún, ó bẹ Alága kó jẹ́ kí òun bá wọn ṣiṣẹ́, Alága sì lé e. Aṣojú gómìnà dìde, ó gbé fìlà sójà rẹ̀ sórí, ó na ìka sí Alága: "Ìwọ, wá rí mi ní Aláúsá." Ó sì wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Háà! Ẹ̀yin ènìyàn, inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tí mo bí ìbejì lọ.

Obìnrin òyìnbó náà ní kí n mú òun lọ bá dókítà wa. Ilé la bá a, torí àwọn òṣìṣẹ́ ọsibítù ń yanṣẹ́ lódì, géètì ọsibítù sì wà ní títì. Àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ pẹ́. Nígbà tí a padà dé sítọ́ọ̀, ó dúró níwájú gbogbo èrò, ó ní kò ní sí iṣẹ́ abẹ lọ́dún yìí. Ó ní ẹni tí yóò máa tọ́jú ojú lẹ́yìn àwọn kò rí àyè ṣiṣẹ́, ọsibítù ń bẹ ní títì, òun kò sì ní fọwọ́ kan ojú kankan mọ́ kí òun wá fi í sílẹ̀ láìní olùtọ́jú. Ó ní àwọn máa padà wá, ṣùgbọ́n abẹ́ dókítà wa ni àwọn máa wá sí.

Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ohun tí mo fẹ́ kí ó sọ léṣìí ni. Ṣùgbọ́n èrò tó ti ń tò láti àárọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé mi ṣépè. Ìyàwó aláṣọ ará Orílẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó tutọ́ sílẹ̀ nígbà tó rí mi. Ìyá mi sì fọwọ́ tá ilẹ̀ títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ obìnrin òyìnbó náà, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, wọ́n ní kó ṣàánú àwọn. Obìnrin náà sunkún, ó gbé wọn dìde, ó sì ní rárá.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n padà wá lóòótọ́. Ọsibítù ìjọba ni wọ́n sọ̀ sí, wọ́n tún ẹ̀rọ ṣe, dókítà wa ló ń ṣe olórí, àwọn àlejò ń ràn án lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó ń béèrè bóyá ara le mọ́. Nọ́ọ̀sì wa kan, ọmọ Èkìtì, ló ń lọ láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì, tó ń sọ pé, "Ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, Màmá. Ibo ló ń dùn yín?" Ojú ẹ̀gbọ́n ìyàwó aláṣọ là. Nígbà tó kan ìyá mi, dókítà wo ojú òsì náà títí. Ó wá ní àrùn mìíràn ti wà lẹ́yìn ojú náà, ó ti pa á láti inú, iṣẹ́ abẹ kò lè ràn án mọ́. Ó ní, "Bó bá jẹ́ pé èṣí..." ó sì pe ẹni tó kàn.

Ẹ má retí kí n sọ pé mo kábàámọ̀. Alága kò jẹ alága ìjọba ìbílẹ̀. Kò tún rí òyìnbó kankan pè ní tirẹ̀ mọ́. Tó bá ń kọjá lójú pópó, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bọ̀ láti ilé iṣẹ́ á kí i láti òdìkejì ọ̀nà, "Alága, ẹ kú iṣẹ́ èṣí o!" wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín. Ó kó kúrò ní Agége níkẹyìn. Aṣegbé kan ò sí.

Ìyá mi kò bá mi wí rárá. Wọ́n ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ lórí itan, ọwọ́ tí kò jókòó lásán rí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mò ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n ní, "Ìyá Ìbejì."

"Ẹ̀n, Màmá."

"Lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí òyìnbó bi í pé dókítà dà. Ojú rẹ̀, báwo ló ṣe rí?"

Mo sọ fún wọn. Mo ní ó funfun bí ẹni tó rí òkú. Mo ní òógùn ń ṣàn lọ sínú táì. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí n kò tíì gbọ́ lẹ́nu wọn láti ìgbà náà. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún béèrè. Ó di ohun tí wọ́n ń béèrè nígbà gbogbo bí ẹní ń béèrè oúnjẹ. Ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà tán lẹ́nu mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bù mọ́ ọn. Mo ní ó wolẹ̀. Mo ní ó sunkún. Mo ní aṣojú gómìnà gbá a létí níwájú gbogbo èrò.

Wọ́n mi orí. "Irọ́ ni. Sójà kò gbá a létí. Mo wà níbẹ̀, ǹ bá ti gbọ́ ìró rẹ̀." Wọ́n yíjú sí ibi tí wọ́n rò pé mo wà.

"Tún un sọ," wọ́n ní. "Jẹ́ kó gbá a lẹ́ẹ̀kan sí i."